Ẹkún Ìyàwó Tí Mo Kọ fún Ìyá Mi

Ìyá tó bí mi ló ní kí n kọ ẹkún ìyàwó, mi ò sì mọ̀ pé òun gan-an ni ìyàwó. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo kàn máa ń la ẹnu sílẹ̀ ni, ẹni tó jókòó tì mí á sì máa wò mí bóyá nǹkan ń ṣe mí. Nǹkan ń ṣe mí lóòótọ́. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, tó lọ́mọ, tó lọ́mọ-ọmọ, ló jókòó síwájú mi nínú pálọ̀ wa, tó ń bi mí bí ìyàwó ṣe ń dágbére fún ilé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ẹ má baà rò pé orí mi ò pé. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlèwó, nílùú Abẹ́òkúta, ni mo wà, tí mò ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà tí inú ń bí. Lópin ọ̀sẹ̀, ewì ni mò ń kọ, ẹkún ìyàwó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti àwa Ẹ̀gbá gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ ló ti wá, ṣùgbọ́n àwọn alága ìdúró ti gbé e dé ibi gbogbo. Àwọn ọmọge ìsinsìnyí fẹ́ sun ún lójú fídíò, wọn ò sì mọ̀ ọ́n sun, ni wọ́n bá ń wá mi wá. Wọ́n á sọ ohun tó wà nínú wọn fún mi, èmi á sọ ọ́ di ewì, wọ́n á lọ há a sórí.

Mo mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ fi ibi tó mọ̀ sílẹ̀ kì í lè wo ojú èèyàn rẹ̀ kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Nítorí náà, mi ò kì í jẹ́ kó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ni mo máa ń ní kó bá sọ̀rọ̀, tàbí àmù omi, tàbí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń pè ní ìfohunpènìyàn nìyẹn. Ilẹ̀kùn ò ní bú u, kò sì ní bá a sunkún. Lẹ́yìn náà ni àwítúnwí, gbólóhùn kan ṣoṣo tí yóò máa padà wá. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu lásán ló ń sọ ọ́. Tó bá tún un sọ, etí rẹ̀ á gbọ́. Tó bá fi máa dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti gbà pé lílọ ni.

Báyìí ni mo ṣe ń mú ọmọ olọ́mọ kúrò nílé bàbá wọn. Èmi fúnra mi ńkọ́? Ilé tí wọ́n bí mi sí lẹ́yìn ọjà Ìtòkú ni mo wà. Mo lọ ilé ọkọ nígbà kan, kò pẹ́ tí mo fi kó ẹrù mi padà sínú yàrá mi. Nígbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ bi mí bóyá mo lè lọ sí ẹ̀ka wa ní Àbújá, mo ní rárá, ìyá mi ò lẹ́nìkan. Bàbá wa ti kú tipẹ́, àbúrò mi ọkùnrin wà ní Kàdúná pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Èmi ni mò ń tọ́jú Màámi. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn.

Aláró ni Màámi. Ẹ̀yìnkùlé wa ló ti ń rẹ aṣọ, Ìtòkú ló ti ń tà á. Láti kékeré mi, ìró ọwọ́ rẹ̀ nínú omi aró ló ń jí mi, kì í ṣe àkùkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó nu ọwọ́, ó wọlé wá bá mi, ó ní ẹnì kan fẹ́ so yìgì, ó sì fẹ́ kí n bá òun kọ ẹkún. Mo bi í bóyá ará ọjà wọn ni. Ó ní èèyàn òun ni. Mo ní kó wá kí n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, torí bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó ní ojú ń tì í, kí n bi òun, kò sí ohun tó wà nínú ẹni náà tí òun ò mọ̀. Ẹ tún un gbọ́ o. Obìnrin yìí ò pa irọ́ ẹyọ kan fún mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó fún ọmú tó fún un mu. Màámi ní kí n yọ ọ́, ìyá ìyàwó ti kú. Mo ní bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun náà ti kú. Àánú ṣe mí. Mo kọ ibi tí ìyàwó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá ọkọ má ṣe le mọ́ òun. Ó ní ìyá ọkọ náà ti kú. Mo ní irú ìyàwó wo rèé tí ikú ti kó gbogbo èèyàn rẹ̀ lọ, ó ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo sunkún. Lójú tèmi, mo ti rí ọmọ òrukàn kan tó rù hangogo, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá tó rorò, tó ń fọ abọ́ ilé olílé. Mo kọ ìyà tó jẹ látòkè délẹ̀. Màámi gbọ́ ọ tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó bi mí pé ta ló jìyà, kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo ní ẹkún ìyàwó ni à ń kọ o, Màámi, ẹkún. Ó ní kó máa rẹ́rìn-ín sun ún.

Ó wá ní kí n fi ìkòkò aró sí i. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti mọ ìyàwó. Mo ní ọmọ iṣẹ́ yín ni, àbí? Ó ní ó mọ aró díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́:

Ìkòkò aró, ta ni yóò ṣí ọ lójú láàárọ̀?
Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ta ni wàá máa gbọ́?
Mò ń lọ o, ilé ò lé mi.

Àwọn ará ilé ìyàwó ló máa dáhùn. Wọ́n á ní, “Máa lọ, ilẹ̀kùn ò ní tì.” Nínú ẹkún tèmi, bí ará ilé ò bá dáhùn, ìyàwó ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo dá ìyẹn sílẹ̀, gbogbo alága tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ló sì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí àwọn tó kù nílé náà lẹ́nu nínú lílọ náà, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dágbére fún ògiri. Màámi fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń fi parí, torí ibẹ̀ ni ewì náà máa ń gbà yè. Mo bi Màámi pé kí ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyàwó jù. Mo rò pé yóò sọ pé ọkọ tó lè máa lu ìyàwó, tàbí àìrọ́mọ bí. Màámi wo ẹ̀yìnkùlé lọ ràì.

“Ó ń bẹ̀rù pé òun á jí láàárọ̀, òun ò ní mọ ibi tí fèrèsé wà.”

Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ ewì, kò sí ọmọge kan tó sọ irú rẹ̀ fún mi. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Bí mo bá jí lọ́hùn-ún, ẹ dákun, ibo ni fèrèsé wà? Mo sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn, torí bí akéwì bá dáhùn irú rẹ̀, ó ti bà á jẹ́. Mo kà á fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Ìlèwó nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo ní ẹ wo ohun tí ọmọ òrukàn kan sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màámi ti àsàlátù dé, ó ní òun ti há ewì náà sórí (mo rò pé kó lè fi kọ́ ìyàwó ni), kí n jókòó kí n gbọ́ bóyá ó dún dáadáa. Mo jókòó sí àga bàbá mi. Ó dúró sí àárín pálọ̀ nínú àdìrẹ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó mọ̀ ọ́n sun! Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Mò ń kan orí bí olùkọ́. Mo tilẹ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan pé kó rọra já a síbí, kó fà á sọ́hùn-ún. Nígbà tó dé ìparí, níbi tí ìyàwó ti máa ń kúnlẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, ó di ìró rẹ̀ mú, ó tẹ orúnkún kan, ó ń kúnlẹ̀ fún mi.

Mo fò dìde lórí àga. Mo gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀. Ìyá mi, kó kúnlẹ̀ fún mi! Èèwọ̀ ni. Mò ń bi í pé kí ló dé, ṣé òòyì ń kọ́ ọ ni, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló tún dé. Ó wò mí lójú.

“Èmi ni ìyàwó,” ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dúró, kò rẹ́rìn-ín. Mo tún rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá tó ti kú, bàbá tó ti kú, aró tó mọ̀ díẹ̀. Ọmọ òrukàn tí mo sunkún fún, ìyá àgbà mi àti bàbá àgbà mi ló bí i.

Ó jókòó tì mí, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan ní Papalanto ni, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó wá sí Ìtòkú wá wá irú àdìrẹ kan tí olóògbé náà máa ń ró, Màámi ló bá a ṣe é. Ó tún padà wá ra òmíràn, ó tún padà wá láìra nǹkan kan. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ewì gba ẹ̀yìn wá bá mi, kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ lójúkojú, mi ò ní jẹ́ kí òun dé ìdajì, ṣùgbọ́n mi ò kì í já ewì mọ́ èèyàn lẹ́nu. Mo tún bi í bóyá nítorí mi ni, bóyá ó rò pé òun ló ń dí mi lọ́nà Àbújá. Ó ní rárá, kí n má gbé ara mi gẹ̀gẹ̀, ó wu òun ni.

Ó wu òun! Mo fẹ́rẹ̀ ya wèrè. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ. Mo ní pẹ̀lú ọjọ́ orí yín. Mo ní kí ni àwọn ará ọjà máa wí, ta ni yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín fún yín ní Papalanto níbi tí eruku tírélà ò ti jẹ́ kí èèyàn mí. Kò bá mi jà. Ó jẹ́ kí n rojọ́ mi tán.

“Àlùfáà ní òun ò ní so yìgì bí ẹ̀yin ọmọ mi ò bá gbà,” ló wí. “Àbúrò rẹ ní ohun tí o bá sọ lòun sọ. Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

“Ẹ má lọ,” ni mo wí.

Ó ní ó dáa. Ó dìde, ó lọ sá aṣọ.

Ọ̀rọ̀ náà ya èmi gan-an lẹ́nu, bó ṣe tètè jáde. Mo rò pé yóò bínú, yóò bá mi yan odì, kí n lè ní nǹkan tí mo máa fi dá ara mi láre. Ó kọ̀, kò bínú. Mo dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ mi wà lórí tábìlì, ó ti fi abọ́ dé e. Ó ń rẹ aṣọ, ó ń lọ sí ọjà, ó ń bá àwọn aládùúgbò ṣàwàdà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé bó bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó máa ń gbé fóònù sórí itan, fóònù náà á dún, òun á sì máa wò ó títí yóò fi dákẹ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Mo wá bínú sí ọkùnrin tó ń pè é. Mo ní ìwọ lo kó bá wa. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ lọ sí Papalanto láti lọ sọ fún un pé kó jáwọ́.

Màámi ti sọ pé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kan báyìí ni ilé náà wà, ọlọ́kadà tó gbé mi sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ, mo tò ó bí mo ṣe ń to ewì, èyí tó máa gún un, èyí tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Mo bá bàbá àgbàlagbà kan nínú ṣòkòtò péńpé, eruku bò ó látorí dẹ́sẹ̀, ó ti dá ògiri yàrá kan lu, ó ń fi bíríkì ṣe etí ihò náà. Inú ń bí mi, síbẹ̀ orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí pé ìjà ni mo bá wá. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó wò mí, kò béèrè ta ni mí. Ó ní ojú ìyá mi ló wà lójú mi, ó wá àga fún mi.

Mi ò jókòó. Mo bi í pé kí ló ń kọ́, torí mo rí i pé fèrèsé kan ti wà nínú yàrá náà tẹ́lẹ̀, ní apá kejì. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó kàn tún fi sìmẹ́ńtì kun ún ni.

“Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun ò ní mọ ibi tí fèrèsé wà bí òun bá jí,” ló wí. “Ni mo bá ní kí n gbé e wá sí ìhà tí oòrùn ti ń yọ, ibi tó ti mọ̀ ọ́n.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wá túká. Mo fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ láìdáhùn nínú ewì, mo ní ibi tí ẹwà rẹ̀ wà nìyẹn, ọkùnrin yìí sì gbé òòlù, ó lọ ń dáhùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé èmi ti ní kí Màámi má wá. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ògiri ti dá lu kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí òun, òun ò sì lè fi ihò sílẹ̀ fún òjò, nítorí náà òun á kúkú parí rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀, ó po sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá dúró bí ẹni tó rántí nǹkan.

“Ìwọ ti wọ yàrá rẹ̀, èmi ò wọ̀ ọ́ rí,” ló wí. “Kí n lè mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa kọrí sí, bó bá sùn sílẹ̀, ọwọ́ òsì ni fèrèsé rẹ̀ wà, àbí ọ̀tún?”

Mo di ojú, mo rí yàrá Màámi, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ aṣọ rẹ̀, ibi tí oòrùn máa ń gbà wọlé. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dáhùn, ó ti parí.

“Òsì ni, sà,” ni mo wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe padà dé Abẹ́òkúta. Mo bá Màámi lẹ́yìnkùlé, ó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, aṣọ náà ń kán sílẹ̀. Mo ní kó bá mi sun ẹkún yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wò mí fín-ín-fín-ín, ó wo ìsàlẹ̀ ìró mi tí sìmẹ́ńtì ti ta sí, ó sì mọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Ó dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó bá ìkòkò sọ̀rọ̀, ó bá àtẹ̀gùn sọ̀rọ̀. Ó ní, “Mò ń lọ o, ilé ò lé mi.” Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún un sọ, ohùn ò jáde. Èmi tí mo kọ ọ́! Kí ó tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti wà lórí orúnkún mi nínú omi aró, níbi tó yẹ kí ọmọ wà.

“Ẹ máa lọ, Màámi,” ni mo wí. “Ilẹ̀kùn ò ní tì.”

Ó rẹ́rìn-ín sun ún, bó ṣe sọ. Èmi ni mo sunkún.

Wọ́n so yìgì náà ní pálọ̀ wa, àbúrò mi wá láti Kàdúná, kò pariwo. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá yẹn wá pẹ̀lú ọkọ̀, ó gbé àpótí Màámi àti ìkòkò aró kan sí i, wọ́n lọ. Mo fọ abọ́, mo ti gbogbo fèrèsé, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó rántí pé olè wà láyé, mo tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí nínú yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré. Ilé dákẹ́. Mi ò gbọ́ ìgbálẹ̀, mi ò gbọ́ ìró ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú omi. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú mi là, mo sì ń wá ibi tí fèrèsé wà.